Àǹfààní Géèmù Orí Ẹ̀rọ: Irú Èwo Ló Ń Ṣe Kí Ni?

Nínú àwọn ẹgbẹ́ òbí lórí WhatsApp ní Abuja, ìròyìn méjì ló ń tàn káàkiri nípa géèmù, ọ̀kan sì ń ba èkejì jà. Èkíní sọ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka géèmù mọ́ àìsàn. Èkejì sọ pé àwọn onímọ̀ ti rí i dájú pé géèmù ń mú kí ọpọlọ jí pépé, débi pé àwọn dókítà oníṣẹ́-abẹ pàápàá ń jàǹfààní rẹ̀. Ìyá tí ó bá ka èkíní ní òwúrọ̀ yóò gba páàdì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Bí ó bá ka èkejì ní ìrọ̀lẹ́, yóò dá a padà fún un. Láti Kubwa títí dé Mararaba, níbi tí àwa Yorùbá ti pọ̀, ìbéèrè tí àwọn òbí ń bi ara wọn ni pé ta ni kí àwọn gbà gbọ́.

Òtítọ́ wà nínú ìròyìn méjèèjì, ṣùgbọ́n méjèèjì ló fo ohun kan dá: wọn kò sọ irú géèmù tí wọ́n ń bá wí. Èrò tèmi ni pé kò sí ohun tí a lè pè ní àǹfààní géèmù lápapọ̀. Géèmù kan wà tí ó ń la ojú, òmíràn wà tí ó ń mú ìrora rọlẹ̀, òmíràn sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé ó ń kó àwọn ènìyàn jọ lọ. Ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò máa retí ẹ̀wà nínú ìkòkò tí ó se iṣu sí.

Kí gan-an ni à ń pè ní géèmù?

Géèmù, nínú àlàyé yìí, ni eré tí ènìyàn ń ṣe lórí ẹ̀rọ tí ó ní ojú bíi ti tẹlifíṣọ̀n. Ó lè jẹ́ fóònù, ó lè jẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì lè jẹ́ ẹ̀rọ tí a ṣe fún eré nìkan, irú bíi PlayStation tàbí Xbox, tí a máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí a sì ń fi páàdì darí. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ sí fíìmù ni pé ẹni tí ń wo fíìmù kò lè yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣe géèmù ló ń pinnu ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e. Bí ó bá ṣi ọwọ́ gbé, ẹ̀rọ yóò fi hàn án lójú ẹsẹ̀, yóò sì fún un láyè láti tún un ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni àǹfààní rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé díẹ̀ ni kíláàsì tí ọmọ ti lè kùnà ní ìgbà ogún láàárín wákàtí kan kí ẹnikẹ́ni má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Orúkọ kan ṣoṣo yìí ló bo oríṣiríṣi eré tí kò jọra mọ́lẹ̀. Eré ìjà àti ìbọn yíyìn wà, níbi tí ọ̀tá ti lè yọ láti igun èyíkéyìí. Eré ìtòjọ wà, irú bíi Tetris tí Alexey Pajitnov ṣe ní Moscow ní ọdún 1984, níbi tí a ti ń to àwọn bíríkì tí ń já bọ́ láti òkè. Eré bọ́ọ̀lù wà. Eré ìkọ́lé bíi Minecraft wà, tí ọmọ ti lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ odindi ìlú. Eré tí ń mú kí ènìyàn lo ara rẹ̀ wà, bíi ti Nintendo Wii, tí a ní láti máa na ọwọ́ kí a sì máa yí ìbàdí níwájú tẹlifíṣọ̀n kí a tó lè borí.

Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n. Ọ̀ta, ìyẹn ẹni tí ó mọ ayò ta dáadáa, ti ka gbogbo ọmọ ayò tí ó wà nínú ilé ẹni tí ń bá a ta kí ó tó gbé tirẹ̀. Ìṣirò àti ríronú síwájú ni ayò fi ń kọ́ni. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ pé nítorí pé bàbá kan mọ ayò ta, ó gbọ́dọ̀ mọ eré sá. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ géèmù rí: ohun tí eré kan bá ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn nígbà gbogbo ni ó ń mú dára sí i lára rẹ̀, kì í sì í sábà kọjá ibẹ̀.

Kí ni ó ń ṣe fún ojú àti ọpọlọ?

Ìwádìí tí a máa ń tọ́ka sí jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní ọdún 2003 nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ń jẹ́ Nature. C. Shawn Green àti Daphne Bavelier, tí wọ́n wà ní Yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ló ṣe é. Lẹ́yìn tí wọ́n ti rí i pé àwọn tí ń ṣe eré ìjà máa ń tètè rí nǹkan ju àwọn ẹlòmíràn lọ, wọ́n bi ara wọn pé ṣé eré náà ló fà á ni, tàbí àwọn tí ojú wọn ti mú tẹ́lẹ̀ ni eré náà wù. Wọ́n wá kó àwọn tí kì í ṣe eré bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n fún apá kan ní eré ogun, wọ́n sì fún apá kejì ní Tetris, kí olúkúlùkù máa ṣe tirẹ̀ fún wákàtí kan lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn náà, àwọn tí wọ́n ṣe eré ogun ti tẹ̀ síwájú ju àwọn tí wọ́n ṣe Tetris lọ nínú kí ojú tètè rí ohun tí ó yọ létí ibi tí ènìyàn ń wò, àti nínú kí ènìyàn máa tọ́jú ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Nínú Tetris, bíríkì kan ṣoṣo ló ń já bọ́ lẹ́ẹ̀kan, a sì mọ ibi tí ó ti ń bọ̀. Nínú eré ogun, ọ̀tá lè yọ lápá òsì nígbà tí ojú wà lápá ọ̀tún, ọpọlọ sì gbọ́dọ̀ kọ́ bí yóò ṣe pín àfiyèsí rẹ̀ àti ohun tí yóò gbójú fò. Irú àfiyèsí bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń wa ọkọ̀ ní ọ̀nà Nyanya ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé nílò, bí ọlọ́kadà ti ń gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá, tí ẹlẹ́sẹ̀ ń sáré la títì, tí bọ́ọ̀sì sì ń dúró láìfi àmì hàn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: àyẹ̀wò inú yàrá ni àwọn onímọ̀ yìí ṣe, wọn kò wọn ọkọ̀ wíwà.

Ti àwọn dókítà wá ńkọ́? Ní ọdún 2007, James Rosser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn oníṣẹ́-abẹ 33. Irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n yẹ̀ wò ni èyí tí a ń fi ihò kékeré ṣe, tí a ń ti kámẹ́rà bọ inú ikùn, tí dókítà sì ń wo ojú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Ẹni tí ó bá ti di páàdì mú rí yóò mọ̀ pé ohun kan náà ni ojú àti ọwọ́ ń ṣe. Àwọn dókítà tí wọ́n ti máa ń ṣe géèmù ju wákàtí mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀ nígbà kan rí ṣe àṣìṣe tí ó fi ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kì í ṣe é, wọ́n sì fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún yára jù wọ́n lọ nínú ìdánrawò náà.

Níbí ni ìròyìn WhatsApp ti máa ń ṣìnà. Ìwádìí ti Rochester pín àwọn ènìyàn sí méjì, ó sì fi eré dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, a lè sọ pé eré ló fa ìyàtọ̀ tí wọ́n rí. Ìwádìí ti àwọn dókítà kàn bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni. Ó ṣeé ṣe kí géèmù ti mú ọwọ́ wọn yá, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àwọn tí ọwọ́ wọn yá láti ìbẹ̀rẹ̀ ni géèmù wù. Kí òbí má wá sọ fún ọmọ pé PlayStation ni yóò sọ ọ́ di dókítà. WAEC àti JAMB ṣì ń dúró dè é.

Àwọn àgbàlagbà náà ní tiwọn. Ní ọdún 2013, Adam Gazzaley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní San Francisco tẹ àbájáde eré kan jáde tí wọ́n fúnra wọn ṣe, tí ń jẹ́ NeuroRacer. Ẹni tí ń ṣe é yóò máa wa ọkọ̀ ní ọ̀nà tí ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, yóò sì tún máa dáhùn bí àmì kan bá yọ lójú ọ̀nà. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 60 sí 85 fi wákàtí 12 ṣe é láàárín oṣù kan, nígbà tí wọ́n sì parí, wọ́n ń ṣe é dáadáa ju àwọn ọmọ ogún ọdún tí kò tíì fi kọ́ra lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, èrè náà ṣì wà lára wọn. Ẹni tí ó ní ìyá àgbà nílé tí ń jókòó lójú kan láti àárọ̀ dalẹ́ lè fi èyí sọ́kàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eré tí àwọn onímọ̀ gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó yàtọ̀ sí eré tí fóònù kàn gbé wá.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń fi géèmù tọ́jú aláìsàn?

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ní àwọn ọ̀nà tí ó ní ìwọ̀n. Ní Seattle, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Washington ṣe eré kan fún àwọn tí iná jó, tí wọ́n pè ní SnowWorld. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń fọ egbò, aláìsàn yóò wọ awò tí ó bo ojú rẹ̀ pátápátá, yóò sì máa ju òkò yìnyín nínú ayé funfun kan tí ó tutù. Ìrora ń gba àfiyèsí ọpọlọ kí ó tó dunni, àfiyèsí ọpọlọ sì ní ìwọ̀n. Bí eré bá ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀, èyí tí ó kù fún ìrora á dín kù. Àwa tí a gbọ́ ohun tí táńkà epo ṣe ní oríta Díkò ní ìpínlẹ̀ Niger ní oṣù Kìíní ọdún 2025 kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wa pé egbò iná fífọ̀ jẹ́ ìyà ọ̀tọ̀ lẹ́yìn ìjàm̀bá.

Tetris tí kò la ojú ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ ní Rochester tún padà wá wúlò níbòmíràn. Emily Holmes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wádìí láti ọdún 2009 bóyá ó lè dín àwòrán burúkú tí ń padà wá síni lójú lẹ́yìn ìjàm̀bá kù. Ní ọdún 2017, wọ́n tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn kan ní Oxford pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìjàm̀bá ọkọ̀. Láàárín wákàtí mẹ́fà tí ó ṣẹlẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n rántí ohun tí ojú wọn rí ní ráńpẹ́, kí wọ́n sì ṣe Tetris. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, àwòrán náà kò yọ wọ́n lẹ́nu tó bí ó ti yọ àwọn tí kò ṣe é lẹ́nu. Apá ọpọlọ tí ń fi ojú inú to bíríkì kan náà ni yóò ti fi àwòrán náà pamọ́, eré sì ti dí i lọ́wọ́. Ẹ kò rí i bí eré kan náà ṣe lè jẹ́ òfo fún iṣẹ́ kan, kí ó sì jẹ́ oògùn fún òmíràn?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020, àjọ tí ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí EndeavorRx, géèmù tí dókítà lè kọ fún ọmọ ọdún 8 sí 12 tí kò lè fọkàn sí ohun kan pẹ́. Dókítà ló ń kọ ọ́. Kì í ṣe èyí tí ọmọ ń wá kiri lórí fóònù ìyá rẹ̀.

Ṣé géèmù kò ń sọ ọmọ di anìkànjókòó?

Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù èyí, kí ó yà sí ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Mararaba ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Yàrá kan ṣoṣo ni, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin lára ògiri, bẹ́ńṣì gígùn níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, fáànù tí ń fẹ́ ooru láti igun kan sí ìkejì, àti jẹnẹrétọ̀ tí ń bú ramúramù lẹ́yìn ilé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé pélébé kan, ó ń kọ orúkọ àwọn tí ó ti sanwó bí wọ́n ṣe dé. Géèmù bọ́ọ̀lù ni púpọ̀ nínú wọn ń gbá, èyí tí wọ́n ṣì ń pè ní FIFA bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí EA Sports FC láti ọdún 2023. Ẹni tí wọ́n bá lù gbọ́dọ̀ gbé páàdì sílẹ̀ fún ẹni tí ó kàn. Bí ó bá ń lọ́ra, gbogbo yàrá á kígbe "Tashi!" lé e lórí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá rẹ̀ ń ta pààtì ọkọ̀ á sì dìde bí ọmọ Gbagyi tàbí ọmọ Ìgbò ṣe ń dìde. Bí iná bá lọ láàárín eré, òfin wà fún un: ẹni tí ó bá ti fi góòlù mẹ́ta ṣíwájú ló borí, bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wọn á tún un gbá. Kò sí ẹni tí ó kọ òfin yìí sára ògiri, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó mú ìwé lọ́wọ́ sì ni abẹ gé.

Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ wa kì í ti í bá aládùúgbò ṣe pọ̀ àfi kí ìjọ tàbí mọ́sálááṣí tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ so wá pọ̀, irú yàrá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Àwọn ọmọ tí èdè àti ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ ń pàdé níbẹ̀ lórí òfin kan ṣoṣo, wọ́n ń kọ́ Hausa àti pijin lẹ́nu ara wọn, wọ́n sì ń kọ́ bí a ṣe ń fìdí rẹmi níṣojú èrò láìjà. Èyí tí ó bá sì ní dátà lè máa bá ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí ó wà ní Ìbàdàn gbá a láti Kaduna, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń gbá a. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní tẹ fóònù láti sọ lásán ni wọ́n á sọ nídìí géèmù.

Ohun kan ń dùn mí nínú irú yàrá yìí: ọmọbìnrin kì í pọ̀ níbẹ̀. Àdánù ni, nítorí pé ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Toronto fi wákàtí mẹ́wàá eré ìjà dá àwọn obìnrin àti ọkùnrin lẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọkùnrin ló ń ṣe dáadáa jù nínú fífi ojú inú yí nǹkan padà. Nígbà tí wọ́n parí, àlàfo náà ti sún kì, nítorí pé èrè tí àwọn obìnrin jẹ nínú rẹ̀ pọ̀ ju ti ọkùnrin lọ. Òye yìí sì wúlò nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ilé kíkọ́.

Báwo ni ó ṣe lè ṣe odindi ìlú láǹfààní?

Ní ọdún 2008, Yunifásítì Washington gbé eré kan jáde tí ń jẹ́ Foldit, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ká àwòrán èròjà inú ara bí ẹni ń tú okùn tí ó lọ́jú pọ̀. Kòkòrò kan wà tí ń fa àìsàn tí ó jọ éèdì lára ọ̀bọ. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí àwọn onímọ̀ ti ń wá ìrísí èròjà kan lára rẹ̀ láìrí i. Àwọn eléré Foldit rí i láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2011. Púpọ̀ nínú wọn kò kọ́ ìmọ̀ èròjà ara rárá.

Ní ọdún 2016, eré ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Sea Hero Quest jáde láti ran àwọn tí ń wádìí àrùn ìgbàgbé lọ́wọ́. Ó lé ní àràádọ́ta ọ̀kẹ́ mẹ́rin ènìyàn tí ó ṣe é, bí olúkúlùkù sì ti ń wá ọ̀nà rẹ̀ lórí omi ni àwọn onímọ̀ ń mọ bí ọpọlọ ènìyàn ṣe ń mọ ọ̀nà. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2022 ni pé àwọn tí wọ́n dàgbà lẹ́yìn odi ìlú ńlá mọ ọ̀nà ju àwọn tí wọ́n dàgbà láàárín ìlú lọ, pàápàá ìlú tí títì rẹ̀ tọ́ bí ìlà ìwé. Inú àwọn tí wọ́n tọ́ dàgbà ní oko yóò dùn láti gbọ́ ọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Minecraft. Ní ọdún 2012, UN-Habitat, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlú àti ibùgbé, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Nairobi, bá Mojang tí ó ṣe eré náà dá ètò Block by Block sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ tún gbàgede tàbí pápá ìṣeré kan ṣe ní àdúgbò, wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ ibẹ̀ sínú Minecraft bí ó ṣe rí gan-an. Wọ́n á wá pe àwọn ará àdúgbò, ọ̀dọ́ àti àgbà, ìyá ọlọ́jà àti ọmọ ilé ìwé, wọ́n á pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì ní kí wọ́n tún un kọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́: níbí ni kí iná wà, níbí ni kí àwọn obìnrin lè jókòó sí, ẹ má fi odi dí ọ̀nà ibí yìí. Ohun tí wọ́n bá kọ́ ni àwọn ayàwòrán ilé àti àwọn aláṣẹ yóò jókòó lé lórí. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó ni Kibera ní Nairobi.

Àwa tí a ń gbé Abuja mọ ohun tí àwòrán ìlú lè ṣe. Láti ọdún 1979 ni wọ́n ti ya ti ìlú yìí, àwọn tí ilé wọn kò sí nínú rẹ̀ sì ti rí katakata tí ń wó ilé lójúkojú. Ìwé tí àwọn ayàwòrán ń yà kì í yé ará ìta, nítorí náà, bí wọ́n bá pè é sí ìpàdé pé kí ó sọ èrò rẹ̀, kí ni yóò sọ? Géèmù tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe sọ àwòrán náà di ohun tí ìyá rẹ̀ lè rìn kiri inú rẹ̀, kí ó sì nàka sí ibi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìwà ipá ńkọ́?

Àwọn onímọ̀ ní Oxford àti Cardiff bi ọmọ ọdún 14 àti 15 bí ẹgbẹ̀rún kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì léèrè irú géèmù tí wọ́n ń ṣe, wọ́n sì bi àwọn òbí wọn léèrè ìwà wọn. Àbájáde rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 2019, kò rí ìsopọ̀ kankan láàárín géèmù oníjà àti ìwà jàgídíjàgan. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ènìyàn ní Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 2020 pé ẹ̀rí kò tó láti di ẹ̀bi ìwà ipá ru géèmù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gbà pé ìsopọ̀ kékeré wà láàárín rẹ̀ àti àwọn ìwà bíi ariwo pípa àti títi ara ẹni. Mo gba èyí wọlé pátápátá: ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba góòlù mẹ́rin lè jágbe mọ́ àbúrò rẹ̀. Ti àwọn tí ń dá ènìyàn lọ́nà ní àríwá yìí, kí a má wá gbòǹgbò rẹ̀ sínú páàdì.

Kí wá ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ?

Àjọ náà kò sọ pé géèmù jẹ́ àìsàn. Ohun tí ó fi sínú ìwé àìsàn rẹ̀ tuntun, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ni ipò kan tí ènìyàn kò ti lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́ nídìí géèmù, tí géèmù ti borí oúnjẹ, oorun, ẹ̀kọ́ àti ẹbí, tí ó sì ń tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀ bí ó tilẹ̀ rí i pé ó ń bà á láyé jẹ́. Irú ipò bẹ́ẹ̀ sábà gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù 12 kí dókítà tó pè é ní àìsàn. Ọmọ tí ó fi ọjọ́ Sátidé kan ṣòfò kò sí nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, àjọ yìí kan náà ló ti àwọn ilé iṣẹ́ géèmù lẹ́yìn nínú ìpolongo pé kí àwọn ènìyàn máa ṣeré pọ̀ láti ilé wọn kí wọ́n má bàa kó ara wọn jọ.

Ti iye wákàtí, àwọn onímọ̀ Oxford rí i ní ọdún 2021 pé àwọn tí ń ṣe géèmù méjì kan tí kò le púpọ̀ sọ pé inú wọn dùn díẹ̀ sí i bí wákàtí wọn bá ṣe ń pọ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n tún tẹ̀ lé àwọn eléré tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 39,000 ní ọdún 2022, wọ́n rí i pé wákàtí fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ipa kan, ìbáà ṣe rere tàbí búburú. Ohun tí ó ní ipa ni ìdí tí ènìyàn fi ń ṣe é: ẹni tí ń ṣe é nítorí pé ó wù ú wà lálàáfíà ju ẹni tí ń ṣe é nítorí pé kò lè fi í sílẹ̀ lọ.

Ibo ni owó wà níbẹ̀?

Owó wà, kò sì pọ̀ tó bí àwọn ọmọ ṣe rò. Ní Èkó, Hugo Obi dá Maliyo Games sílẹ̀ ní ọdún 2012. Ní ọdún 2024, ilé iṣẹ́ náà bá Disney ṣe géèmù tí ó jáde pẹ̀lú Iwájú, eré àwòrán wọn tí a ń wò bíi fíìmù. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń béèrè ayàwòrán, olórin, òǹkọ̀wé àti ẹni tí yóò fi ohùn sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwọn tí ń kọ èdè kọ̀ǹpútà nìkan. Ní ìdíje àwọn ilẹ̀ Éṣíà ní Hangzhou ní ọdún 2023, wọ́n fi góòlù, fàdákà àti idẹ dá àwọn eléré géèmù lọ́lá. Ṣùgbọ́n ẹni tí géèmù ń bọ́ ní tòótọ́ ní àdúgbò wa ni ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù, epo jẹnẹrétọ̀ sì ń jẹ púpọ̀ nínú èrè rẹ̀. Níbi tí àwọn ọmọ bá ti ń ta tẹ́tẹ́ lórí eré ara wọn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti géèmù. Tẹ́tẹ́ ni tẹ́tẹ́ ń jẹ́.

Kí ni kí òbí wò?

Ẹ wo nọ́ńbà tí ó wà lára páálí díìsìkì. Láti ọdún 2003 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti ń fi àmì PEGI sára géèmù: 3, 7, 12, 16 tàbí 18. Ọjọ́ orí ni nọ́ńbà yìí, kì í ṣe bí eré náà ṣe le tó. Géèmù bọ́ọ̀lù sábà máa ń gba 3, nígbà tí Grand Theft Auto V gba 18, ìdí rere sì wà fún un, síbẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ń ṣe é níwájú bàbá tí ó rò pé eré ọkọ̀ wíwà lásán ni. Èyí tí ó wá láti Amẹ́ríkà yóò ní lẹ́tà dípò nọ́ńbà. M túmọ̀ sí ọmọ ọdún 17 sókè. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ àlòkù, géèmù tí ẹni tí ó kọ́kọ́ ni ín fi sínú rẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ tàn án kí ẹ sì wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ.

Ẹ jókòó tì í fún ìdajì wákàtí, kí ẹ sì ní kí ó kọ́ yín. Láàárín àkókò yẹn ni ẹ ó mọ̀ bóyá eré náà ń béèrè ìrònú lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá àwọn tí ó ń bá ṣeré jẹ́ ẹni tí ẹ mọ̀, àti bóyá ó ń béèrè owó káàdì yín ní gbogbo ìgbà. PlayStation, Xbox àti fóònù ló ní ibi tí òbí ti lè fi nọ́ńbà àṣírí dí ọjọ́ orí, wákàtí àti owó. Bí ó bá jẹ́ ọmọ náà ló bá yín tẹ nọ́ńbà yẹn wọlé, ẹ yí i padà ní alẹ́ ọjọ́ náà.